Kànga Ojúlé Kẹtàdínlógún

Mo gbé ìwé ogójì ewé lọ bá Màmá Fìlómẹ́nà
ní Pópó Àgùdà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì.
Mo ní, Màmá, ẹ sọ ìtàn kànga àgbàlá yín fún mi
kí ẹnu tó lè sọ ọ́ tó pa dé.
Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun.
Lẹ́yìn náà ló ní: “Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ẹ,
bíríkìlà tó ti Bàhíà bọ̀ pẹ̀lú àpótí kan
àti ìyàwó tí kò gbọ́ Yorùbá.
Ojoojúmọ́ lobìnrin náà ń wo òkun, tó ń sunkún.
Ọkọ rẹ̀ ní kò burú, òun á wá omi fún un nítòsí.”

Mo kọ ọ́. Mo sọdá títì.
Álúfà Bùsàrí ní irọ́ funfun báláú ni!
Ọmọ kéú mẹ́sàn-án ló gbẹ́ ẹ, nínú oṣù àwẹ̀.
Omi sun ní agogo mẹ́ta ọ̀sán.
Wọ́n jókòó tì í, ọ̀fun wọn gbẹ,
wọ́n ń wò ó
títí oòrùn fi wọ̀.

Mo kọ ìyẹn náà.

Ta ló wá dí i?
Ẹnìkan ní ọdún tí ìjọba ń sanwó òkú eku ni.
Ẹlòmíràn ní ọdún òmìnira ni,
nítorí wọ́n fẹ́ kí àgbàlá dùn-ún wò.
Ọmọ onílé ló da kọ́ǹkéré bò ó níkẹyìn,
tó gbé jẹnẹrétọ̀ ka orí rẹ̀.
Òun nìkan ni kò ní ìtàn.
Ó ní: “Kànga wo?”

Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.
Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi etí lé kọ́ǹkéré.
Òjò àná ṣì ń ro tótó nísàlẹ̀
bí arúgbó tó ń wá ọ̀rọ̀ tó sọ nù lẹ́nu rẹ̀.
Mi ò gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Màmá fi ránṣẹ́ pè mí.
Ó ní òun ti rántí: ìyàwó ará Bàhíà yẹn,
ó gbọ́ Yorùbá dáadáa.
Kò kàn fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.
Ó ní kí n pa ti àná rẹ́.

Mi ò pa á rẹ́.
Mo fi bírò pupa kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
mo sì fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo,
torí Álúfà Bùsàrí ò tíì ti mọ́sálásí dé.