Ọ̀kan Méje

Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà nínú ìgò ṣúgà Nazibrola
ní Chiatura, níbi tí òkè ti há odò mọ́ àárín,
tí eruku dúdú láti ibi ìwakùsà
ń bà lé aṣọ funfun kó tó gbẹ lórí okùn.
Ọ̀kan méje ló tò sí i lára bí òpó wáyà:
1111111.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì
lẹ́nu ọ̀nà àpótí irin tó ń gbé èrò kọjá lókè odò.
Ọjọ́ tó kan eléyìí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á.
Ó sanwó rẹ̀ lápò ara rẹ̀.

Nígbà tí wáyà dákẹ́, tí wọ́n ní kó lọ sinmi,
ó mú pẹ́ńsùlù, ó jókòó ti sítóòfù lọ́jọ́ Ìsinmi.
Ó ní: èrò tó pọ̀ tó báyìí, báwo la ṣe lè pín wọn
lọ́gbọọgba, kí ẹnì kan má ṣẹ́ kù síta?
Nọ́mbà kan lọ́sẹ̀ kan, kò kánjú,
àwọn tí kò gbà kí a pín àwọn fúnra wọn nìkan.
Ó fi èjì pín in, ẹnì kan ṣẹ́ kù.
Ẹ̀ta, ẹnì kan. Àrún, ẹnì kan.
Èje, ọ̀kànlá, ẹ̀tàlá:
ẹnì kan náà yẹn ló dúró nínú yìnyín
pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, tó ń wo àpótí bó ṣe ń lọ.
Ó ti ń fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Lọ́sẹ̀ keje, ẹ̀tàdínlógún, ẹni mẹ́jọ ló kù.
Ó bínú, ó ti ìwé bọ iná.
Lọ́sẹ̀ kejìlá, ẹnì kan yẹn padà wá.

Àjàrà rúwé, wọ́n ká a, wọ́n fún un.
Bidzina aládùúgbò ní òkúta ni nọ́mbà yẹn,
kò níbi tí wọ́n ti ń là á.

Ìsinmi kejìléláàádọ́ta:
òjìlénígba ó dín ẹyọ kan.
(Bí èdè tèmi ṣe ń pè é nìyẹn; a gun òkè kọjá, a fẹsẹ̀ kan padà.
Tiwọn ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀: igba, ogún, àti mọ́kàndínlógún.
Ogún làwọn náà fi ń kà.)
Ẹgbàajì ó lé ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínláàádọ́ta èrò
nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ó wo ìta. Kò sẹ́nì kankan.
Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan.
Ó bu wáìnì fún ara rẹ̀.

Gvantsa, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti ilé ẹ̀kọ́ dé láti Tbilisi,
ó wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín:
"Màmá àgbà, èyí tó bá máa pín ọ̀kan méje nínú wọn,
bí o bá fi èje pín òun náà, ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù.
Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélógójì, mọ́kànléláàádọ́rin...
Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni ì bá gbà ọ́!"

Nazibrola ń fọ́ àsálà, kò gbójú sókè.
"Mẹ́rìnlélógójì yòókù ńkọ́?
Kí ni ǹ bá fi wọ́n ṣe?"
Ó dá tíkẹ́ẹ̀tì padà sínú ìgò.
Ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.