Òkun Kó Kúrò Nílé

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà
ni mo ti Ọ̀gbẹ́ni Láńgírìjì lórí àga oníkẹ̀kẹ́
wọ ẹnubodè olókùúta ìlú Ráì.
Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ó dé fìlà,
ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún,
ó ní, "Tòún, gòkè."

Adétòún lorúkọ mi. Ó ti jẹ ìdajì rẹ̀
láti ọdún tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́,
tí mo ń ka oògùn sí i lọ́wọ́.
N ò bá a jà sí i.

Gòkè. Ẹnu ò mọ ìwọ̀n ẹrù.
Òpópónà náà nàró bí àkàbà,
òkúta róbótó bí orí ọmọ tuntun ni wọ́n tò sí i;
táyà ń ta gìrì gìrì,
eyín baba ń pa kéké lẹ́nu bí owó ẹyọ nínú igbá.
Àwọn àlejò ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn,
ilẹ̀kùn tó ti gbó, tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí àgbà tí ẹmu ń tì.
Ẹnikẹ́ni ò ya òógùn mi.

Mo yí àga padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.
Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n,
níbi tí òkè ti yí ilé wa ká:
"Òkè tó bá le, má wò ó lójú.
Kẹ̀yìn sí i, kó má mọ̀ pé o ń bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ìlú náà láti ẹ̀yìn wá.
Òrùlé pupa ló kọ́kọ́ yọ, odò tẹ̀lé e,
lẹ́yìn náà pápá, àgùntàn bí èlùbọ́ tó dà nù,
àti lọ́nà jíjìn réré, ọgbà àjàrà,
ìlà ní ìlà, bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ àtijọ́, a dúró. Ó na ìka.
"Ibi tí àgùntàn yẹn wà, òkun ni tẹ́lẹ̀.
Ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ibẹ̀ làwọn Faransé gbà
wá dáná sun wá.
Òkun wá kẹ́rù rẹ̀, ó kó kúrò nílé."
Koríko ni mo rí.
Mo ní, "Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ.
Wọn ò mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n jí
tí wọn ò gbóhùn rẹ̀ mọ́."

N ò fèsì.
Mo rántí fóònù ìyá mi ní Sátidé,
ìdákẹ́jẹ́ tó ń gùn sí i
láàárín "ẹ kú ilé" àti "ó dàárọ̀",
ọmọ mi tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn.

Ó tọwọ́ bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó yọ ìgò kékeré.
Òun àti Wínífúrẹ́ẹ̀dì ló gbin àjàrà yẹn
nígbà tí aráyé ní wèrè ni wọ́n,
pé oòrùn ibí ò lè pọ́n nǹkan kan.
Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu;
ìwé rẹ̀ wà nínú báàgì mi, mo fọwọ́ sí i.
Mo ṣí ìdérí fíláàsì tíì,
mo bu ìwọ̀n ìka kan fún un.
Mo tọ́ ọ wò lẹ́yìn rẹ̀:
ó kan, bí àgbálùmọ̀ tó yára já.
Ó ń wò mí lójú bí ọmọ tó ń retí máàkì.
Mo ní, "Ó dùn."

Ní sísọ̀ kalẹ̀, òfin iṣẹ́ wa ni
kí n tún fẹ̀yìn rìn, kí baba má baà ré lulẹ̀.
Ìlú ń ròkè lójú wa,
à ń fi ẹ̀yìn lọ sí ibi tí òkun wà rí.

Kí bọ́ọ̀sì tó dé, mo pe Ẹ̀fọ̀n.
Ìyá mi ní, "Ta nìyẹn?"
Baba ń gbọ́.
Mo pe orúkọ náà pé.