Eyín Tó Ń Gbọ́rọ̀

Ọjọ́ tí wọ́n já ẹ̀rọ mílì náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ní Táíwò Ìsàlẹ̀,
ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé e, ìkẹsàn-án ń pariwo pé ẹ rọra.
Ẹni tó tà á ní Jámánì ló ti wá,
ó ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ti kọjá,
òyìnbó arúgbó kan tí kì í bínú.
Ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, ó ń dán,
ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dé inú.

A fún un níná. Fésì mẹ́ta pé.
Orí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń kùn bí oyin,
nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀:
kẹ̀ẹ̀rẹ̀, kẹ̀ẹ̀rẹ̀, kọ́.
Kẹ̀ẹ̀rẹ̀, kẹ̀ẹ̀rẹ̀, kọ́.
Bí ẹni tó ń jẹ èkùrọ́
tó ń bá òkúta pàdé nínú ẹ̀.

Wàídì ní bíárìn ni.
Jímọ̀ ní jíà ló ti káyín.
Èmi ní ká dá a padà kí owó wa tó tutù lápò onílé.
Bàbá Sulukanáínì kò dá sí i,
kò gbọ́ ohun tí a ń sọ.
Ogójì ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń ké
ti gba etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹní gba ìṣákọ́lẹ̀.

Ó nawọ́. Mo fún un ní sukudiráfà gígùn.
Ó fi ẹnu irin rẹ̀ kan orí ẹ̀rọ,
ó fi eyín di èkù rẹ̀ mú,
ó pa ojú dé.

Ìyá rẹ̀ mọ ìkòkò ní Dàda, l'Ókèlélé.
Ó sọ fún wa rí pé bí ìkòkò bá ti inú iná jáde,
ìyá òun á fi oríkèé ìka gbá a lẹ́ẹ̀kan péré.
Èyí tó bá dún "koooo" á lọ sọ́jà.
Èyí tó bá dún "pà",
ojú lè má rí ibi tó ti sán,
adìyẹ ni yóò fi mumi.

Eyín Bàbá ń rìn lórí ẹ̀rọ náà.
Ó kan mọ́tò, ó mi orí.
Ó kan bíárìn òkè, ó pẹ́ níbẹ̀, ó mi orí.
Ó ní ká tú bẹ́líìtì. A tú u.
Mọ́tò nìkan ń yí, jẹ́ẹ́, bí odò Asà lẹ́ẹ̀rùn.
A fi ọwọ́ yí sípíńdù:
kò ní iyanrìn nínú, kò kọsẹ̀.
Wàídì wo ilẹ̀.
Jímọ̀ ń wá sipánà tí kò sọnù.

A dá bẹ́líìtì padà. Ariwo náà tún wọlé
bí àlejò tó gbàgbé fìlà.

Ìgbà náà ni Bàbá rẹ́rìn-ín,
sukudiráfà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.
Ó nàka sí púlì.
Irin pẹlẹbẹ kékeré tí à ń pè ní kọ́kọ́rọ́,
èyí tó so púlì mọ́ ọ̀pá,
ti jẹ títí, ó ń mì nínú ihò rẹ̀
bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.
Gíríìsì dúdú ni wọ́n rọ́ síbẹ̀,
kó má baà sọ̀rọ̀ níwájú oníbàárà.

Mo fi fáìlì rẹ́ òmíràn,
kò tó ọmọ ìka mi tó kéré jù.
Ẹgbẹ̀rún mélòó la fẹ́ fi ra bíárìn?
Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

A tún fún un níná. Ó ń kùn lásán.
Mo fẹ́ pa á, Bàbá di ọwọ́ mi mú.
Ó ti àárín eyín sọ̀rọ̀, èkù kò kúrò lẹ́nu:
"Fi sílẹ̀ díẹ̀.
Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ nǹkan kẹ́yìn."

Wọ́n pe ìrun Alásàrí ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn wa.
Mo dúró, mo tún dúró,
kí n tó fọwọ́ kàn án léjìká.