Ìwé Gbèsè

Ọdún tí iléeṣẹ́ pákó ti ìlẹ̀kùn l'Ébùté Ìkòròdú,
ìwé gbèsè mi sanra jù mí lọ.
Rálíátù, gààrì kóńgò méjì.
Bàbá Sítù, epo.
Tíṣà pàápàá, iyọ̀. Iyọ̀, ẹ gbọ́ ná!
Ojú ń ti ojú, mi ò lè béèrè.
Ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ bí òkú.

Lọ́jọ́ Àtàláátà kan, fóònù Rálíátù dún:
owó ìrànwọ́ ìjọba.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún ní kí ọmọ bá òun kà á.
Kò tó nǹkan, mo mọ̀.
Ó san ẹgbẹ̀rún kan fún mi, bébà tí wọ́n fi bírò kọ nọ́ńbà sí.
Mo fi san àsansílẹ̀ àkàrà fún Ìyá Káúsárà,
òun náà rẹ ẹ̀wà, ó gbé e lọ ẹ̀rọ.
Ẹ̀rọ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wá ké.
Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀,
ẹ̀gbọ́n mi wá ra gààrì,
bébà oníbírò yẹn ló nà sí mi.

Mo fa ìlà lé orúkọ Rálíátù.
Bàbá Sítù kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba.
Ó ṣì wà nínú tèmi.