Ìwé Kí N Tó Sanwó

Káàdì náà kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́,
ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja.
Mo fà á yọ ní ilé ìwòsàn kan ní Yàbá
lálẹ́ tí wọ́n ní Àwẹ̀ró kò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ
àfi bí owó bá kọ́kọ́ wọlé.
Owó wọlé. Àwẹ̀ró jáde, ó ń rẹ́rìn-ín.
Èmi ni mo wọlé síbi tí n kò rí ọ̀nà àbájáde.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ni mo ná.
Ẹ wá wo bí owó ṣe ń bímọ:
èlé bí èlé, ìtanràn gun èlé lẹ́yìn,
kódà àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ń bú mi,
èmi ni mo ń sanwó rẹ̀.
Kí òjò ọdún kejì tó dá, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan.
Wọ́n ń pè mí kí n tó bọ́jú.
Wọ́n pe àna mi.
Wọ́n pe ẹni tí mo ń ra tàdáwà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣómólú.
Bí fóònù bá ti dún, ma fi kún eré ẹ̀rọ ìtẹ̀wé,
kí ariwo lè bo ariwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ. Orúkọ ọjọ́ náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
Mo gba afárá Ìdúmọ̀tà sọdá, ó di Màrínà,
ó di àjà kẹfà, níbi tí òtútù ẹ̀rọ ti ń ka egungun ẹni.
Ọmọbìnrin kan ni wọ́n ní kí n bá sọ̀rọ̀, Ìbídùnní;
ojú rẹ̀ ń wá oorun, ìgò omi rẹ̀ ti ṣófo.
Kò pè mí ní olè. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó."
Bẹ́ẹ̀ mo ti to èsì olè sẹ́nu láti Ìdó,
n kò wá mọ ohun tí n ó fi ṣe mọ́.

Mo ní, "Mílíọ̀nù kan kò sí. Kò sí lónìí, kò ní sí lẹ́ẹ̀mí-ìn.
Ọ̀ọ́dúnrún ló wà lọ́wọ́ mi.
Mo ta ẹ̀rọ kékeré, èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́."
Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní ẹgbẹ̀rin.
Mo dákẹ́.
Ó ní ẹgbẹ̀ta.
Mo ń wo ọ̀sà lójú fèrèsé:
ọkọ̀ kan ń fà lọ sí Àpápá,
ẹrù rẹ̀ ju tèmi lọ, kò sì rì.
Ó wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀. Ó pẹ́.
"Òjìlélọ́ọ̀dúnrún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá."

Ogójì tó kù, mo mọ ẹni tí n ó yá a lọ́wọ́ rẹ̀,
Àwẹ̀ró kì í gba èlé.
Ọwọ́ mi ti ń wá fóònù kí n fi tọwọ́ mi ránṣẹ́,
ayọ̀ ń tì mí bí ọmọ tó fẹ́ tọ̀.
Iṣẹ́ mi ló dá mi dúró.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń tẹ̀wé;
ẹnu ní í sọ pé ó tán, pépà ló ń mú un tán.
"Ọmọ mi, ìwé kí n tó sanwó."
Ó bojú wo ilẹ̀kùn ọ̀gá, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ká ní bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀ ni..."
Kò parí rẹ̀. N kò bi í.

Ìwé náà jáde, ó ṣì ń gbóná.
Mo fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò: pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, olówó ahun!
Wọ́n ṣi lẹ́tà kan kọ nínú Adémákinwá.
Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀.
N kò ní san gbèsè mi lórúkọ ẹlòmíràn.

Ó wà lára ògiri báyìí,
lókè ibi tí ẹ̀rọ kékeré ń gbé tẹ́lẹ̀;
ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì dúdú fún epo.
Àwẹ̀ró ní kí n yọ ọ́, ìtìjú ni.
N kò tíì yọ ọ́.
Bí fóònù bá dún lálẹ́,
mo ṣì máa ń wò ó kí n tó gbé e.