Ìka, Kì í Ṣe Ìkà

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní Grimsby,
mo ń yí Baba Thrale padà sí ẹ̀gbẹ́ òsì
kí egbò má baà mú un lẹ́yìn,
ni fóònù gbọ̀n nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi.
Káńsù ló ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀.
Èmi Ìbídùnní ọmọ Ìkirè,
tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí ju pé
"Ìgbà wo lo máa padà sílé?"

Ìbéèrè náà kò ju ẹyọ kan lọ:
ṣé kí á máa pa iná òpópónà
láti aago méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí,
kí owó lè ṣẹ́ kù sápò ìlú?
Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Bọ́tìnnì méjì, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan àwọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́.
Inú mi dùn, n kò ní í purọ́.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń san owó orí níhìn-ín,
ohùn mi kò kọjá yàrá àwọn tí mò ń tọ́jú;
àfi ní òru yìí tí àtàǹpàkò mi
sọ̀rọ̀ dé gbọ̀ngàn ìlú láìwọ bàtà,
láìtò sórí ìlà, láìgba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá.

Baba la ojú kan. "Kí lò ń tẹ̀?"
Mo kà á fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ dá sí i.
Inú ọkọ̀ apẹja ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀,
ó mọ òkun Iceland bí mo ṣe mọ ẹ̀yìnkùlé wa.
"Láyé tiwa, ọwọ́ la máa ń nà sókè nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́.
O máa rí ọwọ́ tó gbọ̀n.
O máa rí ẹni tó wojú ìyàwó rẹ̀ kó tó nà án.
Bí o bá dìbò kí wọ́n dín owó mi kù,
èmi náà ló máa jókòó tì ọ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń relé."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló kọ ìbéèrè yẹn?"
N kò mọ̀.
"Kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi ò ní fóònù."

Ọjọ́ kẹsàn-án, èsì dé.
Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mọ́kànlá ló tẹ nǹkan;
méje nínú wọn ní kí iná kú.
Wọ́n ní ìlú ti sọ̀rọ̀.
N kò bínú. Ẹni tó ń sùn, kí ló kàn án nínú òkùnkùn?
Ìka ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìkà.
Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ ní aago mẹ́rin,
tí mò ń fi iná fóònù kan náà tó dìbò
tanná dé ibùdókọ̀.

Ibẹ̀ ni Bożena wà, tó ń gé ẹja lẹ́bàá èbúté,
àti Kerry tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn.
Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń dúró níbẹ̀;
nígbà tí iná ń tàn, a kò mọ orúkọ ara wa.
Òkùnkùn ló kọ́ wa ní ìkíni:
èèyàn ní láti fọhùn kí ẹnìkejì má baà sá.

"Ṣé o tẹ̀ ẹ́?"
"Mo rò pé ìpolówó ni," Bożena ní, "mo pa á rẹ́."
Kerry ní òun tẹ bẹ́ẹ̀ ni,
òun rò pé òpópónà àwọn olówó ni wọ́n ń sọ.
A rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, a jókòó yí ibùsùn Baba Thrale ká,
bírò kan, ẹ̀yìn àpòòwé kan.
Ìbéèrè tiwa là ń kọ.
Baba ní ó ti gùn jù, ó ti ń bẹ̀bẹ̀.
A pa á rẹ́. A tún un kọ.
Káńsù ní ẹgbẹ̀rún ìka ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́
kó tó lè dé iwájú ìlú.
Mo gbé fóònù sún mọ́ Baba, n kò darí ọwọ́ rẹ̀.
A ti ní mẹ́rin.
Ọ̀kan ń gbọ̀n.