Kọ́bọ̀ Kì Í Rántí

Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni Tíṣà Adéṣuyì fún wa lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo ṣe méjì, mo sì ṣe ìkejì bí afọ́jú tó ń sọdá títì.
Ìṣeéṣe. Fọ́ńṣọ̀n. Ẹ́fù ọ́fù ẹ́ksì.
Lẹ́tà ń jẹ nọ́ńbà mọ́ mi lójú.

Màmá ní, "Lọ bá Bàbá Akíndùró."
Mo ní, "Bàbá tí kò kọjá ìwé mẹ́fà?"
Ó ní, "Ṣé ìwé mẹ́fà ni mo ní kí o lọ gbà wá?"

Òkèlísà, l'Ọ́ńdó, ẹ̀yìn ilé tí páànù rẹ̀ ti pọ́n bí epo,
ibẹ̀ ni gírédà kókó àtijọ́ jókòó sí.
Ọ̀bẹ rẹ̀ ti jẹ tán, ó ku tẹ́ẹ́rẹ́.
Òwú ló fi so apá kan awò ojú rẹ̀.
"Kà á fún mi. Ojú mi ò rí kékeré mọ́."
Mo kà á: àpò kan, bọ́ọ̀lù pupa, bọ́ọ̀lù dúdú...
Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ta ló ń kó bọ́ọ̀lù sápò?"

Ó na ọwọ́ sí ẹní tí kókó ń gbẹ lé,
ó ṣa mẹ́sàn-án tó dára, mẹ́ta tó ti bu,
ó dà wọ́n sínú fìlà rẹ̀.
"Dijú. Bí o bá mú ọ̀kan, kí ni ìrètí bíbu?"
"Mẹ́ta nínú méjìlá."
"Má dá a padà o. Èyí tó jáde ti jáde. Ó ku mélòó?"
Mọ́kànlá. Méjì ló bu nínú wọn.
Bírò mi ń sáré: mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́fà;
méjìlá lọ́nà mọ́kànlá, méjìléláàádóje.
Mo gé e wálẹ̀. Kí méjèèjì bu: ọ̀kan nínú méjìlélógún.
Bàbá mi orí.
"Ogójì ọdún ni mo fi ọ̀bẹ la kókó,
tí mo ń fi ọgọ́rùn-ún ẹyọ dá ẹjọ́ odindi àpò,
n ò mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe ní orúkọ."

Fọ́ńṣọ̀n ò tilẹ̀ jẹ́ kí a dìde.
"O gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìlọta Gbóyèga yẹn?
Ata wọlé, ata lílọ̀ jáde.
Ọjọ́ tí ata bá wọlé tó jáde ní gaàrí,
kì í ṣe ẹ̀rọ mọ́, idán ni.
Igba náírà ni kọ́ńgò kan, ọgọ́rùn-ún fún epo.
Ìyá rẹ san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lánàá. Kọ́ńgò mélòó ló lọ̀?"
Mo yọ ọgọ́rùn-ún, mo fi igba pín ìyókù.
Mẹ́rin. Mo gba inú ẹ̀rọ rìn padà.
Orúkọ gígùn ni Tíṣà pe ìrìn yẹn; mo ti gbàgbé.

Ìbéèrè kẹjọ ló gbé wa ṣubú.
A ju kọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orí ló jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ẹ̀kẹrin ńkọ́?
Bàbá ní, "Ẹ̀yìn ni. Ó ti kàn án. Nǹkan kì í rí bákan náà títí."
Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Ọ̀kan nínú méjì ṣì ni. Kọ́bọ̀ kì í rántí."
Ó dákẹ́.
Ẹ̀rọ Gbóyèga náà dákẹ́; epo ti tán.
Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ọmọ mẹ́ta ló ti sin,
pé ẹ̀kẹrin, Akínkúnmi, wà ní Líbíà,
kò sì tíì pè láti Kérésì.
Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

"Tún un sọ."
"Kọ́bọ̀ kì í rántí."
"Ìyẹn ni pé kò dì mí sínú."
"Kò dì yín sínú, Bàbá."
"Ẹ̀kẹrin dá dúró?"
"Ó dá dúró."

Òjò ṣú. A sáré kó kókó wọlé,
ìwé mi wà láàárín ẹní,
ìbéèrè kẹsàn-án wà bẹ́ẹ̀ láìṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà ṣí ìwé mi,
ẹyọ kókó kan já bọ́ sórí tábìlì.
"Kí nìyí?"
Mo fi eyín là á.
Kò bu.